Orí Kẹfà: Ààbò Ohun Èlò Nǹkan Oṣù Àlòtúnlò àti Ìgbà Tó Yẹ Kí A Pààrọ̀ Wọn

Ohun tí a fẹ́ kọ́

Lẹ́yìn tí a bá ka orí yìí tán, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

(a) dárúkọ oríṣi ohun èlò nǹkan oṣù àlòtúnlò mẹ́ta, kó sì sọ ohun tí a fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan;
(b) ṣàlàyé bí òfin orílẹ̀-èdè kan ṣe yàtọ̀ sí ti òmíràn lórí ohun èlò kan náà;
(d) ka àkọlé ara páálí, kó sì mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀;
(e) yẹ páàdì aṣọ, ife àti pátá nǹkan oṣù wò, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ wọn;
(ẹ) dá àmì àìsàn TSS mọ̀, kó sì mọ ohun tó yẹ kí a ṣe.

6.1 Ìfáàrà

Páàdì àlòsọnù kì í pẹ́ láyé. Ilé-iṣẹ́ ṣe é, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, obìnrin lò ó fún wákàtí díẹ̀, ó sì sọ ọ́ nù. Bó bá mọ́ nígbà tó kúrò nílé-iṣẹ́, tí ọ̀rá rẹ̀ kò sì ya, ìmọ́tótó rẹ̀ parí síbẹ̀. Ti àlòtúnlò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra páàdì aṣọ lónìí, òun ni yóò máa fọ̀ ọ́, òun ni yóò máa sá a, òun náà ni yóò máa kó o pamọ́, oṣù dé, oṣù lọ. Ìjọba lè yẹ ọjà wò nílé-iṣẹ́ àti ní ibodè, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò lórí okùn aṣọ ẹni.

Nítorí náà, apá méjì ni ààbò ohun èlò àlòtúnlò ní. Apá ti òfin parí síbi tí a ti sanwó ọjà. Apá ti olùlò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò sì parí títí di ọjọ́ tí a bá jù ú nù. Apá méjèèjì ni a ó yẹ̀ wò.

6.2 Oríṣi mẹ́ta

*Páàdì aṣọ.* Ìpele mẹ́ta ló sábà máa ń ní. Èyí tó kan ara jẹ́ aṣọ rírọ̀, ti àárín ló ń fa ẹ̀jẹ̀ mu, ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ aṣọ tí a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bò kí omi má baà là á kọjá. Bọ́tìnì kékeré ló ń dì í mọ́ pátá. Àkísà tí àwọn ìyá wa lò náà jẹ́ àlòtúnlò, àmọ́ kò ní ìpele kẹta yìí, kò sì sí ẹni tó dán an wò kó tó dé ọwọ́ wọn.

*Ife nǹkan oṣù.* Ó rí bí agogo kékeré. Inú ojú ara ni a ń kì í bọ̀. Kì í fa ẹ̀jẹ̀ mu, ńṣe ló ń gbà á dúró títí a ó fi dà á nù. Leona Chalmers, òṣèré ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí ife rọ́bà kan ní ọdún 1937. Lóde òní, sílíkónì irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ohun èlò ìṣègùn ló wọ́pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń rí ti rọ́bà igi àti ti ike rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní TPE. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ rọ́bà igi kò gbọdọ̀ lo ife rọ́bà.

*Pátá nǹkan oṣù.* Pátá gidi ni, tí wọ́n rán ìpele afàmu àti ìpele tí kì í jẹ́ kí omi jò mọ́ ìdí rẹ̀.

6.3 Ibi tí ewu ti ń wá

Kòkòrò àìfojúrí. Ẹ̀jẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún kòkòrò, ibi tó lọ́rinrin sì ni ilé wọn. Ní ìpínlẹ̀ Odisha ní Íńdíà, àwọn olùwádìí yẹ àwọn obìnrin tó wá sí ilé-ìwòsàn wò. Wọ́n rí i pé àrùn ojú ara wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń lo aṣọ àlòtúnlò ju láàrin àwọn tó ń lo páàdì àlòsọnù lọ, àti pé sísá aṣọ náà sínú ilé wà lára ohun tó ń bá àrùn náà rìn. Ìtìjú ló sábà máa ń fa irú sísá bẹ́ẹ̀: wọ́n á fi aṣọ náà há abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí sábẹ́ aṣọ mìíràn kí ọkùnrin ilé má baà rí i, kò sì ní gbẹ dénú.

Ní agbègbè Siaya ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, wọ́n fún àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ife, wọ́n sì ń tọ́pa ìlera wọn. Wọn kò rí ẹni kankan tí TSS, àìsàn tí a ó ṣàlàyé láìpẹ́, mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ díẹ̀ lára àwọn ife náà wò, wọ́n bá E. coli, kòkòrò tó ń gbé inú ìfun, lára àwọn kan, ó sì pọ̀ jù lára ife àwọn tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń fọ̀, ṣáájú ife.

Àìsàn TSS (toxic shock syndrome). Kòkòrò kan tí à ń pè ní Staphylococcus aureus lè tú májèlé sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kí ara sì dojú rú láàrin wákàtí díẹ̀. Ayé mọ̀ ọ́n dáadáa ní 1980, nígbà tó ń mú àwọn obìnrin tó ń lo táńpọ́ọ̀nù ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble kó táńpọ́ọ̀nù Rely kúrò lọ́jà. Láti 1982 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti pàṣẹ pé kí páálí táńpọ́ọ̀nù máa kìlọ̀ nípa àìsàn yìí.

Nítorí pé inú ara ni ife ń gbé bíi ti táńpọ́ọ̀nù, ìkìlọ̀ yẹn kàn án. Ìwé ìròyìn ìṣègùn *The Lancet Public Health* tẹ àtúnyẹ̀wò ìwádìí 43 jáde ní 2019, lórí ènìyàn tó lé ní 3,300. TSS márùn-ún péré ni wọ́n rí ìròyìn rẹ̀ láàrin àwọn olùlò ife. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó lè pani. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Lyon, ní Faransé, rí i nínú yàrá ìwádìí pé kòkòrò náà lè lẹ̀ mọ́ ara ife, kó hun awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ara rẹ̀, débi pé ṣíṣan án lómi kò tó láti mú un kúrò. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí obìnrin ní ife méjì, kó lè máa se ọ̀kan nígbà tó bá ń lo èkejì.

Kẹ́míkà. Àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ kan máa ń lo kẹ́míkà ẹ̀yà PFAS kí omi àti epo má baà lẹ̀ mọ́ aṣọ. Kẹ́míkà yìí kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ó sì ń pẹ́ nínú ara. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ Thinx, tó ń ta pátá nǹkan oṣù ní Amẹ́ríkà, lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ kí ẹjọ́ náà lè parí, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ní 2024, ìpínlẹ̀ Vermont àti California ṣe òfin tó lòdì sí fífi PFAS sínú ohun èlò nǹkan oṣù.

6.4 Ohun tí òfin sọ

Ife kan náà lè jẹ́ ohun èlò ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè kan, kó sì jẹ́ ọjà bí ọjà yòókù ní òmíràn.

*Amẹ́ríkà.* FDA pín ohun èlò ìṣègùn sí ìpele mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ewu wọn ṣe pọ̀ tó. Páàdì tí kò ní òórùn dídùn wà ní ìpele I, tí ewu rẹ̀ kéré jù; ife wà ní ìpele II pẹ̀lú táńpọ́ọ̀nù. Páàdì tí wọ́n bá fi oògùn apakòkòrò sí kò sí nínú ìpele I yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ife gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA, bí ọjà rẹ̀ bá sì ṣe ẹnìkan léṣe gidi, ó gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí. Ìpínlẹ̀ New York lọ síwájú sí i ní 2019: ó pàṣẹ pé kí páálí ohun èlò nǹkan oṣù máa sọ gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe é.

*Ìlú Ọba àti Yúróòpù.* Lọ́dọ̀ wọn, ife àti páàdì jẹ́ ọjà gbogboogbò. Òfin ààbò ọjà ti 2005 ló dè wọ́n ní Ìlú Ọba. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin tuntun lórí ààbò ọjà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2024. Ohun tí òfin bẹ́ẹ̀ ń sọ ni pé ẹni tó ń ta ọjà gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kò léwu. Faransé fi tirẹ̀ kún un: láti oṣù Kẹrin 2024, páálí gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọjà náà àti bó ṣe yẹ kí a lò ó.

*Áfíríkà àti Íńdíà.* Àwọn orílẹ̀-èdè tí páàdì aṣọ ti gbilẹ̀ kò dúró de ẹlòmíràn kí wọ́n tó kọ òdiwọ̀n. Àjọ UNBS ní Ùgáńdà ní òdiwọ̀n US 1782 fún páàdì àfọ̀lò. Gúúsù Áfíríkà ní SANS 1812. Íńdíà kọ IS 17514 ní 2021, ó sì kan páàdì àfọ̀lò àti pátá nǹkan oṣù pa pọ̀. Irú òdiwọ̀n báyìí ló ń béèrè bí aṣọ ṣe ń fa omi mu tó, bóyá ó ń jò, àti bóyá kòkòrò àìfojúrí wà nínú rẹ̀. Ní ti gbogbo àgbáyé, àjọ ISO ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, TC 338, fún ohun èlò nǹkan oṣù nìkan.

*Nàìjíríà.* SON ló ń kọ òdiwọ̀n ọjà. NAFDAC ló ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun èlò ìṣègùn. Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti 2018 fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí kò léwu, ó sì lè gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC. Òfin Ìṣúná 2019 yọ owó orí VAT kúrò lórí páàdì àti táńpọ́ọ̀nù tí a ṣe nílẹ̀ wa. Àǹfààní owó nìyẹn. Kò sọ ohunkóhun nípa bí ọjà náà ṣe dára tó.

6.5 Bí a ṣe ń ka páálí

Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan márùn-ún: orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́, ohun tí a fi ṣe é, iye wákàtí tí a lè fi lò ó kí a tó dà á nù tàbí kí a tó pààrọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, àti iye ọdún tàbí iye ìfọ̀ tó lè gbà. Bí ó bá jẹ́ ife, a tún gbọ́dọ̀ rí ìkìlọ̀ TSS. Ọjà tí kò sọ ẹni tó ṣe é, a kò ní mọ ẹni tí a ó bá wí bó bá dà wá láàmú.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan. Àwọn oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń kọ ọ́ sára ife pé FDA ti fọwọ́ sí i. Fíforúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FDA kò túmọ̀ sí pé àjọ náà yẹ ife yẹn wò tó sì fọwọ́ sí i. Bákan náà, a kì í ra ife, páàdì tàbí pátá nǹkan oṣù ní òkìríkà, a kì í sì í yá ẹlòmíràn lò, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá ẹni.

6.6 Ìtọ́jú àti ìgbà pípààrọ̀

Àtẹ 6.1: Ìlànà gbogboogbò. Bí ìwé ìlò ọjà bá sọ ohun tó le ju èyí lọ, tirẹ̀ ni a ó tẹ̀lé.

| Ohun èlò | Lójúmọ́ | Ìgbà tó lè lò |
|---|---|---|
| Páàdì aṣọ | Pààrọ̀ láàrin wákàtí 4 sí 6. Kó tètè jù bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ | Oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ |
| Ife | Dà á nù kó tó pé wákàtí 12 | Ọdún 1 sí 10, bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe wí |
| Pátá | Pààrọ̀ bí ìwé ìlò bá ṣe wí | Nǹkan bí ọdún 2 |

Iye ọdún nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́, nítorí fífọ̀ ló ń gbó aṣọ ju ọjọ́ orí lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Obìnrin kan ń rí nǹkan oṣù fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì ń lo páàdì mẹ́rin lójúmọ́. Ogún ìgbà ni yóò pààrọ̀ lóṣù. Bó bá ní páàdì márùn-ún péré, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, ìyẹn ìgbà 48 lọ́dún. Bó bá ní mẹ́wàá, ìgbà 24 ni. Páàdì méjì tí a rà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ti gbó ní ìlọ́po méjì èkejì.

*Fífọ páàdì àti pátá.* Omi tútù ni a ó kọ́kọ́ fi ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ di mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí a ó ṣan án títí omi yóò fi mọ́. Oje tí ń mú aṣọ funfun, bíi Hypo àti Jik, ń jẹ ìpele rọ́bà; oje tí ń mú aṣọ rọ̀ ń di ojú òwú, kò sì ní fa omi mu mọ́. Ojú oòrùn gan-an ni a ń sá a sí, kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí okùn títí yóò fi gbẹ dénú. Bí ojú bá ń ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé gbígbé láti sá a ní gbangba, kí ìyá-ilé ya okùn kan sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ń dé. Aṣọ ìnura tí a bá tẹ́ lé e lórí ń dí oòrùn àti atẹ́gùn lọ́wọ́.

*Síse ife.* Kí a tó lò ó nígbà àkọ́kọ́, àti láàrin oṣù kan sí èkejì, a ó sè é nínú ìkòkò tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Omi gbọ́dọ̀ bò ó. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 tó, bí ìwé ìlò bá ṣe wí. Ẹ fi í sínú asẹ́ irin kékeré kó má baà kan ìdí ìkòkò, ẹ má sì kúrò nídìí iná: ife tí omi gbẹ mọ́ nínú ìkòkò ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tí nǹkan oṣù bá ń lọ lọ́wọ́, a ó fọ ọwọ́ wa kí a tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ omi kò bá sí nílé ìyàgbẹ́ ilé-ìwé, kí ọmọbìnrin mú omi inú ọ̀rá kan wọlé.

Obìnrin tí wọ́n fi ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí sínú ilé ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lo ife, torí fífa ife jáde lè yẹ̀ ẹ́ nípò. Ẹni tí TSS bá ti mú rí kò gbọdọ̀ lò ó.

6.7 Iṣẹ́ àṣefihàn: Yíyẹ ohun èlò wò

Ẹ ṣe èyí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lójú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀.

1. *Páàdì:* Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ nínú ìpele àárín, aṣọ ti rín níbẹ̀.
2. Ẹ ká a po, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ìpele rọ́bà bá ń sán, tó ń ṣí bí awọ, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ra, ó ti tán.
3. Ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà ìnuwọ́, ẹ da omi síbí ìmùkọ méjì sí àárín rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bí bébà bá tutù, páàdì náà ń jò. Bí omi bá ń yí lórí rẹ̀ láìwọlé, ọṣẹ tàbí oje ti dí i. Ẹ tún un ṣan dáadáa kí ẹ tó dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i.
4. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ nígbà tó bá ti gbẹ. Òórùn tí kò lọ lẹ́yìn ìfọ̀ méjì ti wọnú òwú.
5. *Ife:* Ẹ fi ìka yí etí rẹ̀ ká, ẹ na ihò atẹ́gùn kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Bó bá ti ya, bó ti wù kí ibẹ̀ kéré tó, ẹ jù ú nù, torí kòkòrò ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ara tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, tó ń yọ̀, tàbí tó ń ṣe lẹ́búlẹ́bú fi hàn pé ohun tí a fi ṣe é ti ń bàjẹ́. Ife tí a tẹ̀ tí kò tún ṣí padà ti parí iṣẹ́. Àwọ̀ tó ṣá nìkan kò tó ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀.
6. *Pátá:* Ẹ lo ìgbésẹ̀ 1 sí 4, kí ẹ sì wo rọ́bà itan rẹ̀. Bó bá ti dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò àti ohun tí ẹ rí sínú ìwé kékeré kan. Ife tí a jù nù kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ṣáláńgá, torí sílíkónì kì í jẹrà.

6.8 Bí TSS bá ṣẹlẹ̀

Ibà gíga òjijì, tó tó 38.9°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ara tó pọ́n bí ẹni tí oòrùn jó. Òòyì àti àárẹ̀ tó le. Bí ẹnikẹ́ni tó ń lo ife bá rí irú àmì wọ̀nyí, kó yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó lọ sí ilé-ìwòsàn, kó sì sọ fún dókítà pé ife ni òun ń lò àti iye wákàtí tó ti wà nínú ara òun. Ẹni tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè máa tọ́jú ibà fún un nígbà tí májèlé ń ṣiṣẹ́ lọ.

Àkópọ̀

Òfin ń yẹ ohun èlò wò nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ó sì yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti rà á, ọwọ́ mímọ́, oòrùn, ìwé ìlò àti àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ààbò tó kù. Ipò tí ohun èlò wà ló ń sọ ọjọ́ tí a ó jù ú nù. Iye ọdún tí páálí kọ jẹ́ òpin tí a kò gbọdọ̀ kọjá.

Ìdánrawò

1. Kí ló fà á tí FDA fi fi ife sí ìpele II, tí páàdì sì wà ní ìpele I?
2. Oníṣòwò kan kọ ọ́ sára ife pé FDA ti fọwọ́ sí i. Ìbéèrè mẹ́ta wo ni ẹ ó bi í kí ẹ tó rà á?
3. Obìnrin kan ní páàdì mẹ́fà. Ó ń rí nǹkan oṣù fún ọjọ́ mẹ́fà, ó sì ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ìgbà mélòó ni yóò fọ páàdì kọ̀ọ̀kan lọ́dún?
4. Ṣàlàyé ìdí tí ìtìjú fi lè di àìsàn lára ẹni tó ń lo páàdì aṣọ.
5. Bí a bá ní kí ẹ kọ òdiwọ̀n fún páàdì àfọ̀lò ní Nàìjíríà, ohun mẹ́rin wo ni ẹ ó pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ dán wò? Ẹ sọ bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé páàdì náà ṣì dára lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ ní ìgbà 50.